Ọkọ Ìyàwó Tí Kò Tíì Dé M

"Ẹ bi í léèrè, Mọ́gàjí! Ẹ ní kó la ẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, kó sọ lẹ́tà tó wà!"

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Mọ́gàjí Oníkàǹga lánàá kò kan ilẹ̀kùn, kò kí onílé. Ràúdátù, télọ̀ àdúgbò Ṣàngó, ló fi ohùn gbé e wọlé. Inú oòrùn ló ti rìn wá láti ìsọ̀ rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń hó bí omi tùwó. Ẹni tó ń nàka sí jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ sínú ṣòkòtò lábú tí ẹnu rẹ̀ lè gbá ọjà Ìpátá mọ́ láàárín wákàtí kan. Àbdùlgàfárù nìyẹn, akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó gbé díkíṣọ́nnárì lé itan, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Mọ́gàjí gbé obì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí òsì.

"Ràúdátù, jókòó. Ẹjọ́ kì í sá lọ."

"Mo ti jókòó tó, bàbá! Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti wà ní A ni mo ti jókòó. Ó dé B, mo jókòó. Ó dé C, ìdí ń dùn mí. Ó ti wá dé D báyìí, ó dúró gbagidi bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó rí odò!"

"A wo, B wo? Ṣé ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin ni?"

"Ti inú ìwé ni, Mọ́gàjí! Ìwé gírámà! Ó ní òun ò ní so yìgì mi àfi tí òun bá dé M!"

Àwọn ìgbìmọ̀ tó yí Mọ́gàjí ká wo ara wọn. Ẹnì kan ní, "Sùbúhánàlláhì."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?" Mọ́gàjí béèrè.

"Kó so yìgì mi, tàbí kó tú mi sílẹ̀! Ọ̀kan nínú méjèèjì, kí n tó kúrò lórí ẹní yìí. Ẹnì kan wá fẹ́ mi láti Òkè-Òyì, olóko ni, ó ní iṣu, ó ní àgbàdo, bàbá mi dá a padà nítorí ọkùnrin yìí. Àwọn tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ti ń mú ọmọ lọ sílé kéú. Aṣọ yìgì mi ńkọ́? Nígbà tó wà ní A ni mo rán an. Ó dé B, mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n tó lè wọ̀ ọ́. Ó dé C, mo tún tú u. Aṣọ náà ò ní ẹ̀gbẹ́ tí mo lè tú mọ́! Tó bá di M, àgọ́ ni kí n rán!"

Mọ́gàjí kọjú sí ọkùnrin náà. "Gàfárù, o gbọ́. Kí lo rí sọ?"

Àbdùlgàfárù dìde. Ó tún kọ́là ṣe, ó wúkọ́ bí ẹni tí máíkírófóònù wà níwájú rẹ̀.

"Mọ́gàjí, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀sùn yìí, 'absurd' ni. Mo 'abhor' ẹ̀. Ó 'abominable', ó sì 'appalling'."

"Èmi lò ń bú ni?"

"Áà! Rárá o, bàbá. Ẹ̀yin, 'admirable' ni yín."

"Bí o bá fẹ́ bú mi, fi Yorùbá bú mi, kí n lè bínú bó ṣe yẹ. Jókòó, kí o sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìlọrin."

Gàfárù jókòó. "Bàbá, nígbà tí owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, dé, àwọn ẹgbẹ́ mi fi tiwọn ra alùpùpù. Èmi ra ìlímù, ìwé ìmọ̀ yìí. Ẹ bi mí pé kí ló fà á. Ní ọ́fíìsì wa, àwọn ará Ọ̀mù-Àrán ni ọ̀gá láti òkè dé ilẹ̀. Kí ni wọ́n fi jù wá lọ? Gírámà ni! Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fi gírámà bú mi níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo tún dọ̀bálẹ̀! Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó sọ fún mi pé èébú ni."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ràúdátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tó lè sọ ọ́ láti ẹ̀yìn padà wá síwájú.

"Mo wá búra," ni Gàfárù sọ, "pé n ò tún ní lo ohunkóhun láyé mi tí n ò tíì kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ kéú ni mo ṣe ń kọ́ gírámà. N kì í fo ojú ìwé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti kọ tòní sí pátákó wàláà, mo ti ń ké e. Tó bá wọ orí tán, mo fi omi fọ wàláà, mo sì mu hàǹtú rẹ̀."

"O ń mu gírámà?"

"Mo ń mu ún, bàbá. Pẹ̀lú oyin."

"Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó mu 'diarrhoea'!" Ràúdátù ti dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó kọ ọ́ sí wàláà gàdàgbà, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e mì. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí àgbàrá fi gbé e! Ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá ni mo ti ń na ife ògì sí i!"

"Kí ni ohun tó mu yẹn?" Mọ́gàjí béèrè.

"Ìgbẹ́ gbuuru ni, bàbá."

"Ìyẹn ló fi hàn pé hàǹtú náà jẹ́!" Gàfárù dá a lóhùn, ó sì ń yangàn. "'Authentic' ni!"

"Wólímọ̀ ńkọ́?" Ràúdátù ò jẹ́ kó mí. "Ó parí A, ó ní àfi ká ṣe wólímọ̀, bí ọmọ kéú tó parí Kùránì. Ta ló din máàsà? Èmi! Ó parí B, ó tún wólímọ̀ ṣe. Ó wé láwàní, ó jókòó sáàárín ilé, àwọn aládùúgbò ń bi mí pé, 'Ràúdátù, ọmọ ta ló parí kéú?' Kí n wí pé kí ni? Mo ní B ló parí! Wọ́n ní kí Ọlọ́run dá B sí."

Mọ́gàjí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e kúrò.

"Gàfárù, ẹ̀kọ́ dára. N ò bá ọ jà lórí ẹ̀kọ́. Kí ló kan yìgì níbẹ̀?"

"Bàbá, 'marriage', M ni. N ò tíì débẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú nǹkan tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣé kì í ṣe jáhílù? Ìfẹ́ gan-an tí ẹ ń wò yẹn, L ni. N ò tíì lè bá a sọ ọ́."

"Irọ́ ńlá!" Ràúdátù pariwo. "Gbogbo lẹ́tà tó bá dé ló fi ń pè mí! Nígbà tó wà ní A, 'angel' ni mo jẹ́. Mo gbà, ó dùn létí. Nígbà tó dé B, ó ní 'buffalo' mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń jẹ́ ẹ, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé orúkọ tí ọkọ mi ń pè mí nìyẹn. Àfìgbà tí Hẹ́dímásítà tó ń gbé nílé kejì pè mí jókòó, tó ní, 'Ọmọ mi, ẹfọ̀n ni.' Ẹfọ̀n, Mọ́gàjí! Ti inú igbó!"

"Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni," ni Gàfárù wí.

"Ẹran tó lágbára ni!"

"Ẹ dákẹ́!" Mọ́gàjí fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Gàfárù, ṣé o ní ẹlẹ́rìí?"

Inú Gàfárù dùn. "Mo ní méjì, bàbá, àwọn àgbà tí irọ́ ò sí lẹ́nu wọn. Hẹ́dímásítà gan-an ni àkọ́kọ́. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Hẹ́dímásítà Olúwọlé wọlé. Ará Ọ̀mù-Àrán ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò tíì fẹ̀yìn ti táì. Ó bọ́ bàtà, ó kí Mọ́gàjí, wọ́n fún un ní àga.

"Hẹ́dímásítà, ẹ mọ ọmọ yìí. Ṣé lóòótọ́ ló gbọ́ gírámà?"

"Ó gbọ́ ọ dé D, Mọ́gàjí. Tí ẹ bá ti kọjá D, aṣálẹ̀ ni."

"Báwo?"

"Láàárọ̀ àná, ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i pé ó fẹ́ kí mi ní 'good morning', ṣùgbọ́n G ni 'good', kò tíì débẹ̀. Ó dúró, ó ń làágùn. Nígbà tó yá, ó ní, 'Daybreak, sà!' Mo ní, 'Kú daybreak, ọmọ mi.' Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

"Ṣé òótọ́ ni pé ìgbéyàwó wà ní M?"

"Òótọ́ ni. 'Marriage', M."

Gàfárù pàtẹ́wọ́. "'Confirmed'! 'Corroborated'! Ẹ gbọ́ o!"

Ojú Ràúdátù ṣú. Ó ro Òkè-Òyì, ó ro oko iṣu tí bàbá rẹ̀ dá padà, ó ro aṣọ tí kò ní ẹ̀gbẹ́ mọ́.

"Ṣùgbọ́n," ni Hẹ́dímásítà wí, ó sì ń tún táì ṣe, "'bride', B ni."

"Kí ni ìyẹn?"

"Ìyàwó ni, Mọ́gàjí. Ìyàwó ojú ọ̀nà gan-an, tó bo orí, tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ. Lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọkọ ìyàwó wà, 'bridegroom'. Ó ti ké àwọn méjèèjì kọjá láti ọdún tó kọjá. Mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé mi, kò jẹ́ kí n sùn."

Gbogbo ojú yí sí Gàfárù.

"Gàfárù!" Ràúdátù fò sókè, téèpù já bọ́ lọ́rùn rẹ̀. "O ti dé ọ̀dọ̀ mi! O kọ mí sí wàláà, o fọ̀ mí, o mu mí, o fi ọwọ́ nu ẹnu, o dákẹ́!"

"Ràúdátù, rọra. 'Calm'. Bàbá, ìyẹn 'circumstantial' ni! Ìyàwó, èèyàn ni. Ìgbéyàwó, nǹkan ni. Èèyàn lè mọ ẹlẹ́ṣin kó má mọ ẹṣin."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́?" Mọ́gàjí bi ìgbìmọ̀. Ó tún kọjú sí Hẹ́dímásítà. "Inú D tó wà yẹn, ibo ló dé níbẹ̀?"

Hẹ́dímásítà gba díkíṣọ́nnárì lórí itan Gàfárù, ó tú aṣọ funfun, ó ṣí i. "Ó ti kọjá 'death', ìyẹn ikú. Ó ti kọjá 'debt', gbèsè. Ó ti kọjá 'devil', Ṣàìtánì. 'Divorce' ló wà báyìí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìkọ̀sílẹ̀."

Mọ́gàjí tu obì dànù. "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí! Ó ti kú, ó ti kọ aya sílẹ̀, kò tíì gbéyàwó! Ìgbà wo ló ti wà níbi ìkọ̀sílẹ̀ yẹn?"

"Láti Iléyá," ni Ràúdátù dáhùn. "Ó sá A bí ẹṣin Dúbà. Ó sá B àti C. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó jókòó."

"Kí ló wà níwájú tó dá ẹṣin dúró?"

Hẹ́dímásítà fi ìka tọ ojú ìwé. "Dókítà ló kàn. Ajá. Ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà…" Ó wo Gàfárù lókè awò ojú rẹ̀. "'Dowry', Mọ́gàjí. Sàdáàkì, owó orí ọmọ obìnrin."

Ẹ̀rín bú. Dógarì, ẹ̀ṣọ́ ààfin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, di ògiri mú.

"Ó rí sàdáàkì lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú!" Mọ́gàjí ń nu ojú. "Gàfárù, sọ̀rọ̀!"

"Bàbá, 'coincidence' ni! Mo ní ẹlẹ́rìí kejì! Ẹ pe áfáà mi! Òun ló kọ́ mi pé ẹni tó bá ń fo, kò kọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi ní kékeré ni mo ń ṣe, wọ́n wá ń pè mí lẹ́jọ́!"

Áfáà Sàídù wọlé tòun ti tẹ̀sùbáà. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n nígbà tí Gàfárù rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ fúnra rẹ̀.

"Áfáà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yìí pé kó má fo?"

"Èmi ni. Ẹni tó bá fo ní ilé kéú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un."

"Ẹ rí i!" Gàfárù mí kanlẹ̀.

"Kí lẹ ní ó ń kọ́?" áfáà bi Mọ́gàjí.

"Gírámà, áfáà. Ó fẹ́ ké gbogbo ìwé òyìnbó sórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

Áfáà dúró. "Láti ibo?"

"Láti iwájú. A."

"Gàfárù." Ohùn áfáà rẹlẹ̀. "Nígbà tí o ka Fátíà tán lọ́wọ́ mi, ibo la lọ?"

Gàfárù wo ilẹ̀.

"Mo ní ibo la lọ?"

"Ẹ̀yìn, áfáà."

"Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn Kùránì, níbi tí àwọn sùúrà kéékèèké wà, ká lè máa ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Ta ni mo bẹ̀rẹ̀ fún láti Bàkárà, sùúrà tó gùn jù lọ, rí? Ọmọ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ fún láti Bàkárà, á ti sá dé Jẹ́bà kó tó di ìrun Àsàrì! O gbé ìwé dání sódì, o wá ń fi orúkọ mi búra. Mọ́gàjí, ẹ má gbọ́ o. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ níyẹn."

Gàfárù la ẹnu. Kò sí nǹkan kan láti A dé D tó bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Mọ́gàjí fi ìka ya irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yí orí díẹ̀díẹ̀ sí Hẹ́dímásítà.

"Ìwé gírámà yẹn, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Z ni, Mọ́gàjí. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀, bíi ti sùúrà kéékèèké náà ni. Y tẹ̀ lé e. X, ojú ìwé kan péré. Ó wá kan W."

"Kí ló wà ní W?"

Hẹ́dímásítà ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "'Wife', Mọ́gàjí. Aya. 'Wedding' kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ yìgì."

Ràúdátù fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu.

"Ó túmọ̀ sí pé ká ní ó gbọ́ràn sí áfáà rẹ̀ lẹ́nu, kí owó Údọ́jì tó tán lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni ì bá ti gbéyàwó." Mọ́gàjí nàró lórí àga. "Ràúdátù, wò mí. O ní kó so yìgì tàbí kó tú ọ sílẹ̀. Mo lè tú ọ sílẹ̀ nísinsìnyí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Ràúdátù wo Gàfárù. Ó wo lábú, ó wo kọ́là. Ó rántí ọjọ́ òjò tí mọ́tò kọ̀ láti gbé e, tí ọkùnrin yìí ru ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí láti Ìpátá dé Ṣàngó, tí ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún, tí kò sọ gírámà kankan lójú ọ̀nà. Orin ló ń kọ. Ọkùnrin yẹn lòun ń dúró dè láti A.

"Mo fẹ́ ẹ, bàbá," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Gírámà rẹ̀ ni n ò fẹ́."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Gbogbo A, B, C, D tí Gàfárù ti kọ́, mo fọ̀ ọ́ nù lórí wàláà. Kéú òdì ni. Lónìí ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bí áfáà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó ní ọjọ́ díẹ̀ láti ké Z àti Y àti X. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ó ti dé W. Tí a bá kírun tán, a óò so yìgì."

Ràúdátù kúnlẹ̀ gbì. Àwọn obìnrin tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́yìn ògiri hó yèè. Gàfárù náà, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀: ó rò pé òun ti bọ́.

"Mo gbà, bàbá! 'Agreed'! 'Delighted'!"

"Dúró. N ò tíì parí. O ní o búra pé o ò ní lo ohunkóhun tí o kò tíì kọ́ dé?"

"Mo búra, bàbá."

"Nínú ilé yìí, a kì í ba ìbúra ọmọlúàbí jẹ́. Hẹ́dímásítà, láàárín Z sí W yẹn, kí ló tún wà níbẹ̀ tí ọkọ ìyàwó lè lò?"

"'Yam', Mọ́gàjí, iṣu. 'Work', iṣẹ́. 'Water', omi. 'Wood', igi. 'Wash', kó fọ nǹkan."

"Yóò ra iṣu, yóò ṣiṣẹ́, yóò pọnmi, yóò la igi, yóò fọ aṣọ. Oúnjẹ ńkọ́?"

"'Food'? F ni."

"Ṣé ó jìnnà sí W?"

"Bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Sókótó."

"Bàbá!" Gàfárù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ṣebí mo ti dé iṣu? Ṣé n ò lè jẹ iṣu?"

"Hẹ́dímásítà, jíjẹ?"

"'Eat'. E ni. Ó tún kọjá F."

"O lè ra iṣu," ni Mọ́gàjí sọ fún un. "O lè rù ú wálé. Ràúdátù yóò sè é, yóò jẹ ẹ́, ìwọ yóò máa wò ó. Nítorí ebi, mo gbà ọ́ láàyè kí o máa jẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Ràúdátù dojú délẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kì í ṣe ẹkún. Gàfárù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fà sún mọ́ àga Mọ́gàjí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Dógarì fi ní láti na ọrùn.

"Bàbá mi… alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

Mọ́gàjí bu obì tuntun jẹ. Ó jẹ ẹ́ kúnná.

"Hẹ́dímásítà, bẹ́ẹ̀dì ńkọ́, ibo ló wà?"

Hẹ́dímásítà ò tilẹ̀ ṣí ìwé.

"B ni, Mọ́gàjí. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, A nìkan ló kù."